Iye Ènìyàn àti Wíwá Ilé: Ohun tí Ìkànìyàn Lè Sọ fún Wa

Àkótán. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé bí pípọ̀ tàbí dídínkù ènìyàn ṣe ń yí wíwá ilé àti ilẹ̀ padà. A mú àpẹẹrẹ wá láti Amẹ́ríkà, Jàpáànì àti Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí a rí ni pé iye ènìyàn nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí owó ilé ń lọ. A ní láti wo ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ṣe pín sí ìdílé, àti ibi tí wọ́n ń kó lọ.

1. Ìbéèrè

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé àwa ènìyàn inú ayé ti pé bílíọ̀nù 8. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé dandan ni kí ilé máa wọ́n sí i níbi gbogbo, nítorí pé ènìyàn ń bímọ, ilẹ̀ kì í bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà láyé tí ilé ti pọ̀ ju ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ lọ. Báwo ni èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀?

2. Ìdílé ló ń wá ilé

Ọmọ tuntun kì í wá ilé. Ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi dàgbà, tí yóò rí iṣẹ́, tí yóò sì fẹ́ ní ilé tirẹ̀. Nítorí náà, bí ìbí bá pọ̀ lónìí, ó lè tó nǹkan bí ọdún 25 kí àwọn onílé tó mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kejì ni bí àwọn ènìyàn ṣe pín. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìdílé ni àwọn tó jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n sì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan. Bí ènìyàn 12 bá pín sí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, ilé 2 ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá pín sí ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta, ilé 4 ni. Ẹnì kankan kò kún wọn, síbẹ̀ ilé tí wọ́n ń wá ti di ìlọ́po méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkànìyàn sọ àsọtẹ́lẹ̀ owó ilé ní láti ṣọ́ra. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Gregory Mankiw àti David Weil, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ti ra ilé tán, àti pé àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò pọ̀ tó wọn. Wọ́n ní bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, owó ilé yóò já wálẹ̀ ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó di ọdún 2007. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni owó ilé gòkè gan-an ní àwọn ọdún tó ṣáájú 2007. Kíka àwọn ọmọ náà kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni láti mọ bí owó èlé, ẹ̀yáwó, iye ilé tí wọ́n ń kọ́ àti àwọn àlejò tó ń wọ̀lú yóò ṣe rí.

3. Jàpáànì: ilé òfìfo àti ilé ọ̀wọ́n

Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni iye ènìyàn Jàpáànì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìwádìí ìjọba ní ọdún 2023 fi hàn pé ilé bíi mílíọ̀nù 9 ló ṣófo, ìyẹn ìdá 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé orílẹ̀-èdè náà. Àwọn arúgbó kú ní abúlé, àwọn ọmọ wọn wà ní ìlú ńlá, ilé wá di ti aláìníbùgbé.

Kí ló dé tí wọn kò wó wọn? Òfin owó orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ kékeré tí ilé wà lórí rẹ̀ ń gba ìdẹ̀rùn ńlá: ìdá kan nínú mẹ́fà iye ilẹ̀ náà ni wọ́n máa ń fi ṣírò owó orí rẹ̀. Bí onílé bá wó ilé, ìdẹ̀rùn yẹn lọ. Ó wá sàn fún un kí ilé máa jẹrà síbẹ̀. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2015 fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti gba ìdẹ̀rùn náà lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ti di ewu.

Ní ọdún 2023 kan náà, ìpíndọ́gba owó fúláàtì tuntun ní àárín gbùngbùn Tokyo kọjá mílíọ̀nù 100 yẹ́ẹ̀nì. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nìyí, àmọ́ ọjà ilé méjì ló wà nínú rẹ̀.

4. Bẹ̀nẹ̀: ìlú tó kún dé etí

Lọ́dọ̀ tiwa, ìkànìyàn ọdún 2002 ka 6,769,914 ènìyàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ti ọdún 2013 ka 10,008,749. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n wà:

– Kútọnu: 665,100 ní 2002, 679,012 ní 2013
– Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): 223,552 ní 2002, 264,320 ní 2013
– Abomey-Calavi: 307,745 ní 2002, 656,358 ní 2013

Kútọnu fi 13,912 péré lé, Calavi fi 348,613 lé. Kì í ṣe pé iṣẹ́ tán ní Kútọnu. Òkun wà níwájú rẹ̀, adágún Nokoué wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tó kù kò tó nǹkan. Àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé mọ́ ń kó lọ sí Calavi, wọ́n sì ń padà wá ṣiṣẹ́ ní Kútọnu láràárọ̀. Ẹni tó bá wo Kútọnu nìkan yóò rò pé wíwá ilé ti rọlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn sọdá ààlà ni.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín àwa àti Jàpáànì ni ọjọ́ orí. Ó ju ènìyàn méjì nínú márùn-ún lọ láàárín wa tí kò tíì pé ọdún 15 nígbà ìkànìyàn 2013. Àwọn tí yóò máa wá ilé ní ọdún 2035 ni a ti bí ná.

5. Ìparí

Ẹ̀kọ́ méjì ni a lè mú lọ. Fún àwọn aláṣẹ kọ́múnù: ọ̀nà àti gọ́tà ni ó yẹ kó ṣáájú ilé. Bí àwọn ènìyàn bá ti kọ́lé sí ọ̀gbun tí omi ń gbà kọjá, owó tí a ó fi tún un ṣe yóò pọ̀ ju èyí tí à bá fi pín ilẹ̀ náà dáadáa. Fún àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú: iye tí wọ́n ń fún yín lórí parcelle lónìí kò ní ìgbéyàwó àwọn ọmọ yín nínú. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 fàyè gba kí ènìyàn gba titre foncier sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ sì ka àwọn ọmọ inú ilé kí ẹ tó ka owó oníbàárà.