Eré Tuntun fún Ẹ̀rọ Àtijọ́: Èló Ni A Ó Pe Òógùn Ojú Ẹni?

Àwọn baba wa a máa wí pé alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo fara balẹ̀ wo iṣẹ́ àwọn ènìyàn kan ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe eré tuntun fún ẹ̀rọ tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ojú ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wá, irin tútù ni wọ́n ń lù. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rí nǹkan yọ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń san nǹkan bí dọ́là 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹyọ kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: báwo ni a ṣe ń mọ iye tí ó tọ́ fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí a kò fi ní í gbàgbé òógùn ojú ẹni tí ó ṣe é?

ẸNI DÚDÚ TÍ Ó ṢÍ ÌLẸ̀KÙN

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ jẹ́ ọmọdé ní ìlú wa láàárín 1990 sí 2000 kò ní ṣàì rántí ẹ̀rọ eré kékeré tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì onike bọ̀ ọ́ lórí kí eré tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn jẹ́ àfarawé ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1983 pẹ̀lú orúkọ Famicom, tí wọ́n sì gbé dé Amẹ́ríkà ní 1985 pẹ̀lú orúkọ NES. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 60. Ní 2003 ni Nintendo ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ pátápátá.

Ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ wa mọ bí kásẹ́ẹ̀tì náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré tí a ti kàn mọ́ inú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ wá nìkan ni ẹ̀rọ eré inú ilé lè ṣe. Bí ó bá sú ọmọ, ó di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní 1976 ni ilé iṣẹ́ Fairchild ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Channel F. Ẹ̀rọ yìí ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí onílé lè yọ kásẹ́ẹ̀tì kan kúrò kí ó sì fi òmíràn tí eré ọ̀tọ̀ wà nínú rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ó ṣáájú àwọn onímọ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Jerry Lawson, ènìyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1940 tí ó sì kú ní 2011. Láìsí ìlẹ̀kùn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí, ẹnikẹ́ni kì bá lè jókòó sí ilé ara rẹ̀ lónìí kí ó máa ṣe eré tuntun fún ẹ̀rọ àtijọ́.

ẸNI TÍ Ó NI KỌ́KỌ́RỌ́ NI Ó Ń PE IYE

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan ṣí, ẹlòmíràn lè tì í. Nígbà tí NES wà lórí oyè, Nintendo fi ohun kékeré kan, irú èyí tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń pè ní áísì, sínú ẹ̀rọ, ó sì fi èkejì rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti tan iná, àwọn méjèèjì a kí ara wọn bí ọmọ awo. Bí èyí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò bá mọ ìkíni náà, ẹ̀rọ a máa kú, a máa jí, eré kò sì ní jáde.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Nintendo fúnra rẹ̀ ni yóò bá a ṣe kásẹ́ẹ̀tì, yóò sì kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gba àṣẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju eré márùn-ún lọ láàárín ọdún kan. Ilé iṣẹ́ Atari Games gbìyànjú láti já kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ gba ẹ̀dà àṣírí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, ilé ẹjọ́ sì dá Nintendo láre lórí ọ̀ràn náà ní 1992.

Lónìí, àkókò ẹ̀tọ́ tí òfin fún Nintendo lórí ìhùmọ̀ yẹn ti kọjá. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ti kẹ́kọ̀ọ́ ìkíni àwọn áísì méjèèjì, wọ́n sì ń ṣe èyí tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tí ó tún ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ta eré tí ó jẹ́ ti orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí gbé ẹrù tuntun wá: ẹni tí kò ní ọ̀gá mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pe iye ọjà rẹ̀.

ÀYÈ KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti nira tó. Ọkàn NES jẹ́ ẹbí áísì kan tí a ń pè ní 6502, tí ó dé sí ọjà ní 1975 ní dọ́là 25, nígbà tí owó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àyè tí ẹ̀rọ náà ní láti fi rántí ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nínú eré kò ju ibi tí a lè kọ lẹ́tà 2,048 sí, èyí tí kò kún ojú ìwé kan nínú ìwé kíkà ńlá. Àwòrán tí ń rìn tí ó lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà kò ju 64 lọ. Bí wọ́n bá sì ju mẹ́jọ lọ lórí ìlà kan, àwọn tí ó kù a pòórá.

Ẹ jẹ́ kí a wo Micro Mages, eré kan tí àwọn Morphcat Games ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní 2019. Àwọn oṣó kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gun ilé ìṣọ́ lọ sókè, ènìyàn mẹ́rin sì lè jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo eré náà, àwòrán, orin àti àṣẹ, wà nínú àyè 40 kílóbáìtì. Àwòrán kan ṣoṣo tí a fi fóònù yà lónìí a máa gba àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé ìdajì àwòrán ni wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀rọ yóò sì yí i padà láti fi ṣe ìdajì kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni télọ̀ ṣe ń ṣẹ́ aṣọ po kí ó tó gé e, tí apá ọ̀tún àti apá òsì a fi dọ́gba.

Bí eré bá ti parí lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ a máa ra kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò wọ́n, wọn a tú u, wọn a yọ áísì inú rẹ̀, wọn a sì fi òjé jó tuntun mọ́ ọn. Àwọn kan kò fẹ́ èyí, wọ́n ní ó ń pa ohun ìrántí run. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n gbẹ́ mọ́ọ̀dù fún ike tuntun, wọ́n sì ń tẹ páálí àti ìwé ìlànà tí ó dán bí ti ilé iṣẹ́ ńlá.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì yín. Iye tí n ó lò yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ lásán. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ẹnì kan fẹ́ ṣe ẹyọ 300. Bọ́ọ̀dù àti áísì jẹ́ dọ́là 12 lórí ẹyọ kan, ike, 3, páálí, ìwé àti àmì ara rẹ̀, 7. Àpapọ̀ jẹ́ 22, èyí tí í ṣe dọ́là 6,600 fún gbogbo rẹ̀. Ó san 2,200 fún ayàwòrán àti olórin. Èyí tí ó bàjẹ́ tí ó níláti pààrọ̀ fún oníbàárà jẹ́ 300. Àwọn tí ń bá a gba owó yọ dọ́là mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Olùrà ni yóò san owó ìfiránṣẹ́.

Bí ó bá tà á ní dọ́là 35, 10,500 ni yóò wọlé. Bí a bá yọ gbogbo ìnáwó kúrò, 770 ni yóò kù. Bí ó bá sì ti fi òru ọdún méjì ṣe iṣẹ́ náà, tí wákàtí rẹ̀ jẹ́ 1,000, kò gba dọ́là kan fún wákàtí kan. Bí ó bá tà á ní 50, 15,000 ni yóò wọlé, 5,000 ni yóò kù, tí í ṣe dọ́là márùn-ún fún wákàtí kan. Ní 2009, owó tí ó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí a san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan. Nítorí náà, ẹni tí a ń pè ní ọ̀wọ́ngógó nítorí dọ́là 50 kò tíì gba owó alágbàṣe.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn ni pé wọ́n ka owó ike, wọ́n ka owó páálí, ṣùgbọ́n wọn kò ka ara wọn mọ́ ọn. Wọn a ní, “Ìfẹ́ ni mo fi ń ṣe é.” Ìfẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ tí ó fẹ́ràn oúnjẹ sísè a máa gbowó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá gbowó lónìí, ìkòkò kò ní lè gorí iná lọ́la.

OHÙN OLÙRÀ

Olùrà náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, n kò sì ní gbójú fò ó. Àwọn kan ń ṣe ẹyọ díẹ̀ kí ó lè di ọ̀wọ́n. Àwọn aláròóbọ̀ a sì kó o, wọn a tún un tà ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Nínú èrè yẹn, kọ́bọ̀ kan kò dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń gba owó sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí a ti ṣe rí owó ṣe kásẹ́ẹ̀tì Micro Mages nìyẹn, láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2018, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn pé àwọn tí ó san owó dúró fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi ojú kan ọjà.

Ọ̀nà tí ó tọ́, ní èrò tèmi, ni kí a ta kásẹ́ẹ̀tì ní iye tí ó ka òógùn mọ́ ọn, kí a má sì fi ọ̀wọ́n àtọwọ́dá jẹ olùrà níyà. Ẹni tí kò ní agbára rẹ̀ lè ra eré náà gẹ́gẹ́ bí fáìlì fún dọ́là díẹ̀, kí ó sì ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, nítorí fáìlì kò ní ike, kò sì ní páálí. Bẹ́ẹ̀ ni olówó àti mẹ̀kúnnù yóò jọ jẹ nínú rẹ̀.

KÍ NI TIWA NÍBẸ̀?

Àwọn ohun èlò tí a fi ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà àlòkù lásán sì tó láti fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá kọ́ ọ yóò mọ bí kọ̀ǹpútà ti ń ronú láti ìpìlẹ̀, yóò sì mọ bí a ti ń fi àyè kékeré ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n kí a má kọ́ ọ ní iṣẹ́ nìkan, kí a kọ́ ọ ní ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń pe iye ohun tí ọwọ́ wa ṣe, láti orí kòkó dé orí ère. Bí ẹni tí ó ṣe nǹkan kò bá ka òógùn ojú rẹ̀ mọ́ owó, kò sí ẹni tí yóò bá a kà á.