Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Bí A Ṣe Ń Wá Ọ̀dà Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Bára Mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìtumọ̀ òwe yìí kò yé mi tán àfi ọjọ́ tí bàbá mi rán mi ní ọ̀dà láti Odigbo lọ sí Orè.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń kun pálọ̀ tán nígbà tí ó ku ìdajì ògiri kan. Ní Orè, níbi tí ọ̀nà Èkó àti ti Benin ti pàdé ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa, òǹtajà kò ní ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tí a ti rà tẹ́lẹ̀. Ó gbé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn fún mi, ó ní, "Orúkọ kan náà ló wà lára wọn." Alẹ́ ni akunlé kùn ún. Lábẹ́ gílóòbù, gbogbo wa ní ó dára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri náà dà bí ẹ̀wù tí a fi aṣọ mìíràn lẹ̀. Bàbá tún ra ọ̀dà, wọ́n tún gbogbo ògiri kùn. Owó tí mo fẹ́ fi san ilé gbígbé ní yunifásítì ni wọ́n yọ fún un.

Níbo ni àṣìṣe náà ti wá?

ORÚKỌ KÌ Í ṢE ÀWỌ̀

Ní èdè Yorùbá, dúdú, funfun àti pupa ni ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé èdè tí ó bá ní ìpìlẹ̀ mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta yìí náà ni yóò ní. Inú pupa ni a kó àwọ̀ ọ̀dà wa sí: gàrí tí a fi epo sí, gàrí pupa ni, ẹyin ní funfun, ó sì ní pupa. Èyí kò fi hàn pé ojú Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀. Bí a bá fẹ́ là á yé ẹlòmíràn, ohun tí ojú mọ̀ ni a fi ń ṣe àpèjúwe: ó pupa bí ìyeyè, ó pupa bí epo. Ẹni méjì tí ó bá ti rí ìyeyè ti gbọ́ ara wọn yé.

Orúkọ bíi Cream tàbí Buttermilk kò rí bẹ́ẹ̀. Berger, tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1959, ní káàdì àwọ̀ tirẹ̀. CAP, tí ó ń ṣe Dulux, ní tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó so Cream ti ibí mọ́ Cream ti ọ̀hún. Nítorí irú ìdààmú yìí ni wọ́n ṣe kó ogójì àwọ̀ jọ ní Jámánì ní 1927, tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àkójọ náà ni à ń pè ní RAL títí di òní.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ọ̀DÀ

Omi, ohun tí ń mú un lẹ̀ mọ́ ògiri, ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní titanium dioxide, àti ìyẹ̀fun aláwọ̀ ni pàtàkì inú ọ̀dà olómi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ilé-iṣẹ́ kan lè lo ìyẹ̀fun tí ó jẹ́ ìbátan ìpẹtà irin: ó ń bo ògiri dáadáa, oòrùn kì í tètè pa á, ṣùgbọ́n kì í tàn púpọ̀. Òmíràn lè lo èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣe: ó ń tàn yòò, ṣùgbọ́n kì í bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọn a wá fi pupa díẹ̀ sí i kí ó lè móoru lójú.

Nítorí pé ọ̀nà wọn yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà yàtọ̀. Wọ́n lè jọ ara wọn lábẹ́ iná, kí wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Metamerism ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó mú wa ní Odigbo. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀dà tútù kì í ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń dán kì í jọ èyí tí kò dán.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní, ẹ ra gbogbo ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì da àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, bí ó bá tán, ẹ má mú orúkọ lọ sọ́jà. Ẹ ha díẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ mú un lọ. Àwọn òǹtajà kan ní ẹ̀rọ tí ń wo ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ ń dá padà, tí yóò sì ṣírò bí a ṣe lè po irú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi èyí tí ẹ rà kun páálí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e ti ògiri láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má dá dúró láàárín ògiri láé. Igun ni kí ọ̀dà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í ba ògiri méjì bákan náà, nítorí náà ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ kékeré níbẹ̀.

Àwọn àna wa dé ní Sátidé, wọn kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi báyìí, tí a fi ọ̀dà pálọ̀ kùn. Bàbá kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí a rà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìgbà mìíràn, páálí yẹn ni mo máa mú lọ sí Orè.