Kí Ni Ó Dọ́gba Lára Wáyà Ohùn Méjì?

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ ‘balanced line’, èyíinì ni wáyà méjì tí ń gbé ohùn láti inú ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn, ‘wáyà olóhùn-òdì’ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn, nítorí pé ohùn inú ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ òdì ti èkejì. Ṣùgbọ́n òdì yìí kọ́ ni kókó. Nínú àpilẹ̀kọ tí Bill Whitlock, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1995, ó tẹnu mọ́ ọn pé ìdènà tí ó wà láàárín wáyà kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá dọ́gba, bákan náà ni ìkùn iná mànàmáná yóò ṣe wọ inú méjèèjì. Ẹnu-ìwọlé ẹ̀rọ agbóhùnsókè yóò wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìkùn yóò sì pòórá.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ó dọ́gba pátápátá. Ìyàtọ̀ óòmù 10 péré níbi tí ohùn ti ń bọ̀ lè mú ìkùn padà wá, bí ìdènà ẹnu-ìwọlé sí ilẹ̀ bá kéré. Àtúnṣe tí Whitlock gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1996 ń dá ìkùn náà padà sí òdì kejì ìdènà ẹnu-ìwọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí agbára ìhín fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọ̀hún dọ́gba, tí ìkùn kò sì rí ọ̀nà ṣàn. Ní 2000, àjọ IEC fi ìyàtọ̀ óòmù 10 yẹn kún ìlànà ìdánwò rẹ̀.

‘Wáyà ìbejì’ dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbejì ni ó dọ́gba. ‘Wáyà onídènà-ọgba’ ni a fara mọ́, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀; ‘ẹnu-ìwọlé onídènà-ọgba’ yóò sì tẹ̀ lé e.