Nígbà Tí Iṣẹ́ Abẹ Bá Parí

Àwa tí a ti ibí yìí lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn a máa gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu àwọn òbí: kí ló dé tí iṣẹ́ abẹ a máa yọrí sí rere, tí aláìsàn á sì tún kú ní ọjọ́ kẹta?

Ìtàn ará Samáríà rere, tí gbogbo wa gbọ́ nínú ìsìn òwúrọ̀, tọ́ka sí ìdáhùn náà. Kò di ọgbẹ́ nìkan. Ó gbé ẹni náà dé ilé èrò, ó sì ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ rí. Ọ̀pọ̀ ewu wà ní àwọn òru tó tẹ̀ lé e, ó sì yẹ kí a kọ́ oníṣẹ́ abẹ bí a ti ń ṣọ́ wọn.

Ìjàǹbá kan wà lára ohun tó bí irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí James Styner, oníṣẹ́ abẹ egungun, ń wà já lulẹ̀ ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ kú. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fara pa. Ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ rí gbà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní ATLS, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Lẹ́yìn náà, Royal College of Surgeons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀kọ́ CCrISP kalẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún tí àìsàn wọn le koko.

Ìpìlẹ̀ méjèèjì kan náà ni: ohun tó lè tètè pa ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ àìsàn náà. Èkíní, ṣé ọ̀nà ọ̀fun là? Èkejì, báwo ni ó ṣe ń mí? Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kẹta, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn? Ẹ wo lílù ọkàn, ìfúnpá, ìtọ̀, àti bóyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù. Ẹ̀kẹrin, ṣé iyè rẹ̀ jí pépé? Ẹ̀karùn-ún, ẹ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ọmọláńgidi tí a ṣe bí ènìyàn ni a fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, títí ètò náà yóò fi mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro jù kò sí lára márùn-ún yìí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ṣì jẹ́ dókítà ọ̀dọ́, obìnrin kan tí a ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún ń mí ní ìgbà 28 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni wa kà á sí ìrora lásán, nítorí ìfúnpá ṣì dára. Kò mọ̀ pé mímí a máa yára ṣáájú kí ìfúnpá tó já wálẹ̀. Ó rò ó láti pe ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n aago méjì òru ni, ẹ̀rù àgbà sì bà á. Obìnrin náà kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Nítorí náà, títètè pe àgbà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá jókòó ti ẹni yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí mímí rẹ̀ yára, tí ó ń sọ kántankàntan, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tijú.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, a sì dúpẹ́. Kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa pẹ̀lú pé jíjí àgbà lóru nítorí ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe àrífín.