Ẹ Bi Gbogbo Ẹni Tó Bá Wọlé Nípa Ikọ́
Ìwé ìlàlóye fún òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ikọ́ ife ni kì í wá sọ́dọ̀ wa nítorí ikọ́. Ìyá ìkókó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàbá àgbàlagbà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, gẹ̀ńdé kan ní ibà ló ń ṣe òun. Wọ́n ń húkọ́ lórí bẹ́ǹṣì, àwa ń kọ káàdì. Nítorí náà, ohun yòówù tó gbé èèyàn wá, ẹ bi í nípa ikọ́. Kò dìgbà tí dókítà bá dé. Ẹni tó ń kọ káàdì lè ṣe é.

Ẹ má kàn ní, "Mà, ṣé ẹ ní ikọ́?" Èsì rẹ̀ ni, "Rárá o, ara mi le." Ẹ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Láti ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti ń dà yín láàmú?" Ẹni tó ń yan gàrí á ní èéfín ni. Ó lè jẹ́ èéfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ẹ bèèrè bóyá òógùn ń bò ó lóru débi pé ó ń pààrọ̀ aṣọ, bóyá ara ń gbóná nírọ̀lẹ́, bóyá aṣọ rẹ̀ ti ń tóbi jù ú. Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í rí i.

Ẹni tó bá ní kòkòrò HIV, ikọ́ ọjọ́ kan ti tó láti ṣe àyẹ̀wò. Ní ti ọmọdé, ẹ wo káàdì ìwọ̀n rẹ̀: ọmọ tí kò sanra mọ́, tí kò ṣeré mọ́, tí àgbà kan nílé sì ń húkọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò fún un. Bí kò bá lè ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀, a lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí aláìsàn fi omi yọ ẹnu, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó húkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà sínú ike. Itọ́ lásán kò wúlò. Kó tún un ṣe. Ara ike ni kí ẹ kọ orúkọ sí. Bí a bá kọ ọ́ sí ìdérí, ẹni tó bá ṣí ike méjì pọ̀ lè fi ìdérí Àdùkẹ́ dé ti Àlàbí.

Ẹ̀rọ GeneXpert ń fúnni lésì láàárín wákàtí 2, ó sì ń sọ bóyá oògùn rifampicin yóò ran àrùn náà. Bí ibùdó yín kò bá ní in, ike ni kó rìnrìn àjò, kì í ṣe aláìsàn. Kí èsì tó dé, ẹ má fún un ní ciprofloxacin: ó lè dẹ ikọ́ náà fúngbà díẹ̀, kí àrùn sì máa jà lábẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń húkọ́, ẹ fún un ní ìbòmú, ẹ jẹ́ kó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ sì tètè dá a lóhùn. Àwọn tó wà lórí ìlà á kùn; ẹ sọ fún wọn pé nítorí tiwọn ni.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀, nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó. Ẹ kọ "ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé", nítorí ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn oṣù 6 lábẹ́ ètò ìjọba. Bí èsì bá fi hàn pé ikọ́ ife ni, ẹ bèèrè àwọn tí wọ́n jọ ń sùn sínú yàrá kan, kí ẹ sì ní kó kó wọn wá, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.