Nọ́ńbà àṣírí inú fóònù

Ẹ ta àgbàdo ní ọjà Kétu, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ibo ni owó náà wà? Kò sí nínú fóònù. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ilé iṣẹ́ fóònù ló kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ sí orúkọ yín. Bí fóònù bá sọnù, owó kò tíì sọnù. Ẹ tètè lọ sí ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n ti nọ́ńbà yín pa.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Kò mọ̀ yín yàtọ̀ sí olè. Ẹni tó bá mú fóònù yín, tó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí, òun ló kà sí olówó. Ẹ má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tó ní òun ń pè láti ilé iṣẹ́.

Nígbà mìíràn, àjèjì á pè: «Ìyá, mo ṣèèṣì fi 20 000 sẹ́fà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà.» Ìwé kékeré á ti wọlé sórí fóònù bí ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ wo iye owó yín. Bí kò bá lé sí i, owó kankan kò wọlé.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé ló ń bá yín tẹ nọ́ńbà náà. Ní báyìí tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.