Ẹ Fetí sí Gúdúgúdú Inú Ẹ̀rọ

Bí àwọn onídùndún bá wọ òde àríyá ní Agége, ara ìyáàlù ni gbogbo ojú máa ń wà. Òun ló ń kini, òun ló ń ki oríkì, òun ni wọ́n ń ná owó fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìlù mọ̀ pé gúdúgúdú kékeré ọrùn yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ohun kan náà ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìyáàlù á tú ká.

Mo máa ń kó àwo orin jọ. Àwọn tí mo fẹ́ràn jù báyìí ni àwọn tí ọ̀pọ̀ ará Ìkẹjà ń pè ní ariwo: orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tó lè má sí ẹni tó ń kọrin nínú rẹ̀, tí ìró kan náà á sì máa yí po títí. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé etí tó ti gbọ́ dùndún kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Nínú orin ẹ̀rọ, gúdúgúdú ló bọ́ sí iwájú. Ẹ̀rọ á di ìlù kan mú, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò ní ṣì í lù. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á wá máa yí ìró náà padà díẹ̀díẹ̀: á mú un tẹ́ẹ́rẹ́, á mú un ki, á yọ ọ̀kan kúrò, á tún dá a padà. Ìyípadà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. King Sunny Adé gbé Synchro System jáde ní 1983 lábẹ́ Island Records, Martin Meissonnier, ará Faransé, ló sì bójú tó iṣẹ́ náà. Dùrù oníná wà níbẹ̀, síbẹ̀ gángan ń sọ̀rọ̀ geere. Aura tẹ̀lé e ní 1984. Stevie Wonder fun hàmóníkà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìlù sì pọ̀ sí i. Lójú tèmi, Synchro System ló dára jù. Nínú Aura, ẹ̀rọ ń lu ohun tí àwọn onílù ti ń lù tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí kò bá ní iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín ìlù, ìdíwọ́ ló jẹ́.

William Onyeabor ní Enugu fún ẹ̀rọ níṣẹ́. Láàárín 1977 sí 1985, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Wilfilms, ló fi ń gbé àwo jáde. Ó jẹ́ kí dùrù oníná gbé orin, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lé e lórí, ó sì fún orin láyè kó gùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó kọ́kọ́ gbọ́ “Better Change Your Mind” ti 1978.

Láti ibẹ̀, Detroit ní Amẹ́ríkà kò jìnnà mọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ni, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti dá orin techno sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó ń gbé Agídìǹgbì, níbi tí New Afrika Shrine àti ilé-iṣẹ́ Cadbury jọ wà, tó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru, irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí i. Ọmọ Detroit ni Jeff Mills, ẹ̀rọ ìlù Roland TR-909, tí àwọn ará Japan gbé jáde ní 1983, sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ní 2018, òun àti Tony Allen, onílù tó bá Fẹlá dá Afrobeat sílẹ̀, gbé Tomorrow Comes the Harvest jáde. Ẹ̀rọ Mills dúró sójú kan, Tony Allen ń yí i ká, ó ń fi ìlù bi í léèrè. Tony Allen kú ní Paris ní 2020. Àwo yìí wà lára àwọn tó ṣe kẹ́yìn, mo sì kà á mọ́ èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àwo Emeka Ogboh, ẹni tó ń fi ìró ìgboro ṣe orin, ló le jù láti gbọ́. Beyond the Yellow Haze jáde ní Berlin ní 2021. Àwo rẹ̀ ti 2022, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí Ojúẹlẹ́gba lórí máàpù ló fi ṣe orúkọ rẹ̀. Ìró ìgboro Èkó tó gbà sílẹ̀ ló fi ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ń retí ègbè nínú wọn, ìbínú ni yóò bá dìde. Kó dúró ná. Nínú àwo Ojúẹlẹ́gba yẹn, àwọn ará ọkọ̀ ni ìyáàlù, Ogboh sì tẹ́ gúdúgúdú ẹ̀rọ sábẹ́ ohùn wọn.

Bó bá ti yé wa báyìí, ẹ jẹ́ ká fi etí kan náà gbọ́ àwọn ọmọ wa. Àwọn ọ̀dọ́ Agége tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe free beat àti cruise beat, tí wọ́n ń gé ohùn inú fídíò sínú ìlù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àgbà ń pè é ní ariwo, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà. Bí fóònù bá bàjẹ́, ó lọ nìyẹn. Orin Onyeabor padà wá ní 2013, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ti Amẹ́ríkà kó o jọ sínú Who Is William Onyeabor?, nítorí pé àwọn kan ti tọ́jú àwo rẹ̀. Ẹni tó bá ní free beat tó fẹ́ràn, kó kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún àti àdúgbò, kó sì fi pamọ́ síbi méjì. Kò yẹ kó jẹ́ ará òkèèrè ni yóò tún wá sọ fún wa ní ọgbọ̀n ọdún sí i pé Agége ní ohun tó dára.